Àìná Ọnàbólú Ayàwòrán, àti Bí Ẹ̀kọ́ Àwòrán Ṣe Wọ Ilé-Ìwé Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn òǹkàwé ní Ṣómólú àti Bàrígà)

 

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni gbogbo ènìyàn mọ Ṣómólú sí. Ẹni tí ó ń ṣe ìgbéyàwó, ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà, ìdílé tí ó fẹ́ ìwé ètò ìsìnkú bàbá wọn, ibí ni púpọ̀ nínú wọn máa ń gbé iṣẹ́ wá. Bí ènìyàn bá ń gba òpópónà Ṣìpẹ̀olú kọjá, yóò máa gbọ́ ìró ẹ̀rọ láti ilé kan dé èkejì, òórùn íńkì yóò sì máa fẹ́ sí i nímú. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọ̀gá òǹtẹ̀wé a mú bébà kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu ẹ̀rọ jáde, a gbé e sí ìmọ́lẹ̀, a wò ó díẹ̀, a sì ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. Búlúù kò jókòó dáadáa lórí pupa. Ètè ìyàwó ti di méjì. Ọmọ-iṣẹ́ tí ó dúró tì í wo bébà kan náà, kò rí nǹkan kan. Kì í ṣe pé ojú ọmọ náà fọ́. A kò tíì kọ́ ojú rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ nípa kíkọ́ ojú ni mo mú wá fún yín lónìí. Mo fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó jà kí a lè máa kọ́ ojú àti ọwọ́ àwọn ọmọ wa nínú ilé-ìwé, ní àkókò tí àwọn aláṣẹ kò gbà pé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wúlò fún ọmọ ènìyàn dúdú. Ṣùgbọ́n kí ẹ lè mọ irú ẹrù tí ó gbé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ré òkun kọjá sí Ìlú Ọba.

Ní ọdún 1819, ọdún kan náà tí a bí Ọbabìnrin Fikitóríà, ni a bí John Ruskin ní Lọ́ńdọ̀nù. Oníṣòwò ọtí wáìnì ni bàbá rẹ̀, owó sì wà lọ́wọ́ wọn. Ruskin mọ àwòrán yà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwòrán yíyà ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn, kí ó sọ èyí tí ó dára, èyí tí kò dára, àti ìdí rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé wa ń pè ní lámèyítọ́. Ní ọdún 1843 ni apá kìíní ìwé rẹ̀, Modern Painters, jáde, èyí tí ó fi gbèjà Turner ayàwòrán tí àwọn ìwé ìròyìn ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1860, ìwé náà ti di apá márùn-ún. Láti ìgbà náà, bí Ruskin bá yin ayàwòrán, ọjà ayàwòrán náà a tà. Bí ó bá bú u, ebi ń bọ̀. Ní ọdún 1877 ó bu ẹnu àtẹ́ lu Whistler, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, pé ó ń béèrè owó gọbọi lórí ọ̀dà tí ó kàn dà sílẹ̀. Whistler pè é lẹ́jọ́, ó sì borí ní ọdún 1878, ṣùgbọ́n ìdámẹ́rin kọ́bọ̀ kan péré ni ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n san fún un. Kò pẹ́ tí Whistler wọ gbèsè tí ó sì pàdánù ilé rẹ̀.

Èmi kò ka ẹjọ́ yẹn sí ohun tí ó gbayì jù nínú ayé Ruskin. Ohun tí ó wú mi lórí ni pé láti ọdún 1854 ó ń lọ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní àwòrán ní ìrọ̀lẹ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn tí ń fi ọwọ́ wọn jẹun. Ó sọ gbangba pé kì í ṣe láti sọ káfíńtà di ayàwòrán ni òun ṣe wá, bí kò ṣe kí iṣẹ́ káfíńtà lè túbọ̀ dùn mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti ya ewé kan, ni èrò rẹ̀, ni yóò tó rí ewé náà ní tòótọ́. Ní ọdún 1857 ó tẹ ìwé kékeré kan tí ẹnikẹ́ni lè fi kọ́ ara rẹ̀ nílé. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ inú rẹ̀ kò ju pé kí ènìyàn ya igun mẹ́rin kékeré kan, kí ó sì fi gègé kùn ún ní ìlà wẹ́wẹ́ títí yóò fi dúdú dọ́gba láti etí dé etí. Ẹ má rò pé ó rọrùn.

Ṣùgbọ́n ojú tí ó mọ̀ ọ́n wò tó bẹ́ẹ̀ ní ibi tí kò dé. Ní ọdún 1840 Turner ya àwòrán kan nípa ọkọ̀ ẹrú tí ìjì mú lójú òkun. Àwọn aládàá-ọkọ̀ ń sọ àwọn ẹrú tí ó ti kú àti àwọn tí ń kú lọ sínú omi. Ẹsẹ̀ kan tí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lára rẹ̀ yọ sókè láàrin ìgbì. Bàbá Ruskin ra àwòrán náà fún ọmọ rẹ̀ ní ọdún 1844. Ruskin kọ ọ̀rọ̀ tí ó dùn jọjọ nípa àwọ̀ ọ̀run àti bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta lórí omi nínú rẹ̀. Ti pé ènìyàn ni wọ́n ń jù sómi, ìsàlẹ̀ ojú ìwé ni ó kọ ọ́ sí, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ó ní àwòrán náà ba òun lọ́kàn jẹ́ jù, ó sì tà á. Boston ní Amẹ́ríkà ni ó wà báyìí. Nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú Jàmáíkà dìde ní ọdún 1865, tí Gómìnà Eyre sì pa èyí tí ó lé ní 400 nínú wọn, Ruskin wà lára àwọn tí ó dá owó láti gbèjà Gómìnà náà. Àwa tí ilé wa wà ní etí ọ̀sà Èkó, níbi tí ọkọ̀ ẹrú ti ń kó ènìyàn títí di ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun kọlu ìlú náà ní ọdún 1851, kò yẹ kí a fò ó kọjá. Ẹni tí ó sọ pé gbogbo òṣìṣẹ́ ni ó lè kọ́ ojú rẹ̀, kò ka àwa mọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ dé ilé wàyí.

Ní ọdún 1882, nígbà tí Ruskin ṣì wà láàyè tí Fikitóríà sì wà lórí ìtẹ́, ni a bí Àìná Ọnàbólú ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa: ọnà wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú Ọnàbánjọ àti Ọnàsànyà. Nígbà tí ó wà ní ilé-ìwé, kò sí olùkọ́ àwòrán. Ohun tí ìjọba àti àwọn míṣọ́nnárì fẹ́ ni ọmọ tí yóò mọ ìwé kà, tí yóò mọ̀ ọ́n kọ, tí yóò sì mọ ìṣirò, kí ó lè di akọ̀wé, olùkọ́ tàbí oníwàásù. Àwòrán tí ó wà nínú àwọn ìwé tí wọ́n kó wá láti òkè òkun ni ọmọ yìí ń wò tí ó ń dà kọ, títí ọwọ́ rẹ̀ fi tọ́. Nígbà tí Ruskin kú ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1900, Ọnàbólú jẹ́ bí ọmọ ọdún 17. Ó wá sí Èkó, ó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ ìjọba, bí ó bá sì ti kúrò níbi iṣẹ́, àwòrán ni.

Ní ọdún 1906 ó fi ọ̀dà olómi ya àwòrán obìnrin ará Èkó kan, Ìyáàfin Spencer Savage. Àwòrán náà ṣì wà nínú ìwé gbogbo àwọn tí ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ yìí. Kì í ṣe fọ́tò, kì í sì í ṣe ère. Ojú ènìyàn tí a mọ̀ ni, tí ọmọ dúdú tí kò ní olùkọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dojú kọ. Ní ọdún 1910 ni ará Jámánì kan, Leo Frobenius, dé Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi orí idẹ kan hàn án nínú igbó Olókun, orí tí a dà tí ó jọ ènìyàn alààyè. Ẹnu ya Frobenius. Dípò kí ó sọ pé àwọn baba ńlá àwọn tí ó dúró níwájú rẹ̀ ni ó ṣe é, ó ní àwọn ará ilẹ̀ Atlantis, ìyẹn ìlú inú ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì tí òkun gbé mì, ni wọ́n wá fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 1938 ni àwọn tí ń walẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ bá àwọn orí mìíràn tí wọ́n pọ̀ níye, tí ọ̀rọ̀ Atlantis fi di ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1910, ẹni tí ó sọ ọ́ kò rò pé òun ń purọ́; ohun tí àwọn Òyìnbó púpọ̀ gbà gbọ́ nígbà náà ni ó sọ.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1920, Ọnàbólú ṣe nǹkan mẹ́ta láàárín ọdún kan. Ó fi ọ̀dà olóròóró ya àwòrán Dókítà Ọ̀gúntọ́lá Sápárà, oníṣègùn tí ó ti fi ara rẹ̀ wewu ní Ẹ̀pẹ́ ní ọdún 1897, tí ó wọ ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà Ṣọ̀pọ̀ná kí ó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń tàn ká. (Ìtàn Sápárà tó fún ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.) Ó tẹ ìwé kékeré kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, A Short Discourse on Art, nínú èyí tí ó ti sọ èrò rẹ̀ nípa iṣẹ́ àwòrán fún àwọn ará ìlú rẹ̀. Ìwé yìí ni ó jẹ́ kí n pè é ní lámèyítọ́ pẹ̀lú, kì í ṣe ayàwòrán nìkan, nítorí ó yé e pé àwòrán nìkan kò tó. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ ohun tí àwòrán jẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò tíì kọ́ láti wò ó. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán St John's Wood, ó sì kọ́ṣẹ́ ní Académie Julian ní Páríìsì pẹ̀lú. Ó ti lé ní ẹni ọdún 37 nígbà tí ó lọ jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ kékeré.

Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1922, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé-ìwé kan sí èkejì ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán. Ó kọ́ni ní King's College, ó kọ́ni ní CMS Grammar School, àti ní àwọn mìíràn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Perspective, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

Kí ni ọ̀rọ̀ náà? Ẹ lọ sí etí ọ̀sà ní Bàrígà ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo afárá gígùn Third Mainland, tí wọ́n parí ní ọdún 1990. Àwọn òpó tí ó wà nítòsí yín tóbi ju igi ọ̀pẹ lọ. Àwọn tí ó jìnnà dà bí igi ìṣáná. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé kò sí òpó tí ó dín sí èkejì tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò kọ́ àwòrán yóò ya gbogbo wọn dọ́gba, nítorí ohun tí ó mọ̀ ni ó ń yà. Ọmọ tí Ọnàbólú kọ́ yóò fa ìlà kan sí ìdúró ojú ara rẹ̀, yóò yan ibi kan lórí ìlà náà, yóò sì jẹ́ kí orí àti ìdí gbogbo òpó wọ̀nyí máa rìn lọ pàdé níbẹ̀. Nígbà náà ni afárá yóò gùn lórí bébà tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Òfin ni, bí òfin ìṣirò. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, ì báà jẹ́ ará Lọ́ńdọ̀nù tàbí ará Ìjẹ̀bú, ọ̀nà kan náà ni yóò gbà yà á. Ìdí nìyí tí Ọnàbólú kò fi jẹ́ kí ó sinmi. Ohun tí wọ́n sọ pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn Òyìnbó, òun fi hàn pé inú ẹ̀kọ́ ni ó wà.

Ẹnìkan ṣoṣo kò lè kọ́ gbogbo ilé-ìwé. Ó ń rọ ìjọba láti gba olùkọ́ àwòrán mìíràn, títí wọ́n fi mú Kenneth Murray wá láti Ìlú Ọba ní ọdún 1927. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di méjì. Murray kò fẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà máa ya àwòrán bí Òyìnbó. Ó ní kí wọ́n wo ère, kí wọ́n wo aṣọ àti ìkòkò tiwọn, kí wọ́n ya ayé tí ó yí wọn ká bí ó ti rí lójú wọn. Ní ọdún 1937 ó kó iṣẹ́ àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ rẹ̀ márùn-ún lọ hàn ní Zwemmer Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù, Ben Enwonwu sì wà lára wọn. Òun náà ni ó di alábòójútó àkọ́kọ́ fún àwọn ohun àtijọ́ ilẹ̀ wa ní ọdún 1943, tí ó sì sapá títí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Oníkàn fi ṣí ní ọdún 1957.

Ta ni ó jàre? Àwọn kan bú Ọnàbólú pé ó fi ọnà baba rẹ̀ sílẹ̀. Èmi rò pé ó yẹ kí a wo ibi tí olúkúlùkù dúró sí. Ó rọrùn fún Murray, tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ Ìlú Ọba ṣí sílẹ̀ fún, láti sọ pé kí ọmọ dúdú má ṣe kọ́ ohun tí òun ti kọ́. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé kò lè ṣe é, àfi kí ó kọ́kọ́ ṣe é ná.

Síbẹ̀ ìwọ̀n kan wà tí ọ̀rọ̀ Murray jẹ́ òótọ́. Ní ọdún wọ̀nyẹn gan-an, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ń gbẹ́ igi ní Èkìtì, kò sì sí olùkọ́ Páríìsì kankan tí ó kọ́ ọ. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, níbi tí Ògògà ti jókòó lórí ìtẹ́ tí wọ́n sì gbé Òyìnbó aṣojú ìjọba wá bá a, ni wọ́n kó lọ sí ìpàtẹ ńlá Wembley ní ọdún 1924. Ilé àkójọ ti British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á, ó ní kí wọ́n fi àga ìtẹ́ tí a ṣe ní Ìlú Ọba ṣe pàṣípààrọ̀. Nínú iṣẹ́ irú Ọlọ́wẹ̀, ènìyàn kì í kéré nítorí pé ó jìnnà. Orí a máa tóbi ju ẹsẹ̀ lọ nítorí pé orí ni olúwa ara. Òfin ni èyí náà, ó sì yàtọ̀ sí ti Ọ̀gbẹ́ni Perspective. Mo rò pé ó yẹ kí Ọnàbólú rí i ju bí ó ti rí i lọ.

Àwọn tí ó dé lẹ́yìn ni wọ́n so òfin méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò jìnnà sí wa níhìn-ín: Yusuf Grillo, ọmọ Èkó tí a bí ní ọdún 1934, tí ó sì kú ní ọdún 2021. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Zaria ní ọdún 1958, láti sọ pé àwọn yóò mú èyí tí ó dára nínú ti Òyìnbó àti èyí tí ó dára nínú ti ilé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Ṣómólú. Ilé-ẹ̀kọ́ náà fi iṣẹ́ ọnà àti iṣẹ́ ìtẹ̀wé sí abẹ́ ẹ̀ka kan náà, mo sì rí ọgbọ́n nínú èyí. Kọ̀ǹpútà lè pín àwọ̀ sí mẹ́rin fún òǹtẹ̀wé, ṣùgbọ́n ojú òǹtẹ̀wé ni yóò sọ bóyá ara ìyàwó ti pupa jù.

CMS Grammar School náà ti súnmọ́ wa. Ọdún 1859 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà, lábẹ́ Thomas Babington Macaulay, àna Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Nígbà tí ó pé 100 ọdún, ní ọdún 1959, ó kó wá sí Bàrígà. Ọnàbólú ṣì wà láàyè nígbà náà. Ọdún 1963 ni ó kú. Ilé-ìwé tí ó ti fi ẹ̀fun fa ìlà sára pátákó ni àwọn ọmọ wa ń lọ ní òwúrọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ bá yín sọ. Títí di òní, bí ọmọ bá ń ya àwòrán sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀, púpọ̀ nínú wa ni ó ń gba ìwé náà ya, tí a ó sì ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwa kan náà yóò mú ọmọ kan náà lọ fún ọ̀gá òǹtẹ̀wé ní ọdún méjì sí i, a ó sì fẹ́ kí ó mọ àwọ̀ yàtọ̀, kí ó mọ ibi tí lẹ́tà yóò jókòó sí, kí ó mọ ìgbà tí ojú ènìyàn wọ́ lórí bébà. Níbo ni a fẹ́ kí ó ti kọ́ ọ?

Láti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, a ó máa fi wákàtí kan sílẹ̀ nínú ilé-ìkàwé yìí fún àwọn ọmọ tí ó bá fẹ́ yàwòrán, àti fún àwọn àgbà tí ojú kò bá tì. Igun mẹ́rin Ruskin ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà a ó lọ sí etí ọ̀sà láti ya òpó afárá. Pẹ́ńsù wà. Bébà ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ẹ̀yin òǹtẹ̀wé: àwọn etí bébà tí ẹ máa ń gé sọnù ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má ṣe sun wọ́n mọ́; ẹ dì í ní ìdì kékeré, kí ẹ sì fi rán ọmọ sí wa.